Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń kà, wọn kì í ka pàǹtí

Ọwọ́ mi ni owó PSP ilé wa ń gbà kọjá, ìyẹn owó tí à ń san fún àwọn aládàáni tó ń kó pàǹtí ní Èkó. Aránṣọ ni mí, Kétu ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀bù mi ló sì súnmọ́ géètì jù, nítorí náà ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi bíìlì há. Látìgbà tí kiatékà wa ti kó lọ sí Ìkòròdú, Alhaji tó ni ilé ní kí n máa bá òun gba owó náà lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, kí n sì lọ san án sí báńkì. Wọn kì í sanwó iṣẹ́ náà fún mi, ṣùgbọ́n ó ti là mí lójú sí ọ̀rọ̀ owó ìdọ̀tí, ọ̀rọ̀ náà sì ń dùn mí débi pé mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀.

Àgbàlá wa ní ilé méjì. Èyí tó wà níwájú jẹ́ ilé olójúlé, yàrá mẹ́wàá tó kọjú síra wọn, pásééjì là wọ́n láàárín. Èyí tó wà lẹ́yìn jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì onífúláàtì mẹ́rin. Lórí bíìlì, yàrá kan jẹ́ ₦1,000 lóṣù; fúláàtì oníyàrá méjì, ₦3,000; oníyàrá mẹ́ta, ₦4,000. Méjì méjì la ní nínú fúláàtì wọ̀nyẹn. Ṣọ́ọ̀bù mi ń san ₦1,500 lọ́tọ̀. Tí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ₦25,500 ni. Bí àdúgbò bá ṣe rí náà ni owó ṣe ń rí: ẹni tó ń gbé Ìkòyí kì í san iye tí ará Kétu ń san. Ìyẹn dáa lójú mi, ẹni tó lówó jù yẹ kó san jù. Inú ilé kan ṣoṣo ló ti ń dàrú, láàárín àwa tí a jọ ń da pàǹtí sínú dúrọ́ọ̀mù kan náà.

Ẹ wo bàbá tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òṣìṣẹ́ réluwéè ni wọ́n, wọ́n ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ìyàwó wọn ti ṣaláìsí, gbogbo ọmọ wọn wà lókè òkun. Fúláàtì oníyàrá mẹ́ta ni, àmọ́ yàrá kan ni bàbá ń sùn, wọ́n ti àwọn yòókù pa. Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ohun tí wọ́n ń dà nù kò ju ọ̀rá búrẹ́dì, èèpo ọsàn àti ìwé ìròyìn àná lọ. ₦4,000 ni wọ́n ń san. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú bíìlì lọ bá wọn, wọ́n wọ dígí, wọ́n kà á dáadáa, wọ́n wá gbójú sókè wò mí.

“Télọ̀, ọmọ mi, ṣé yàrá ni mò ń dà nù ni?”

Mi ò rí èsì fún wọn. Mo ní, “Bàbá, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà nìyẹn o.”

Nílé iwájú, ìyá alákàrà ń gbé yàrá kejì sí géètì. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń din àkàrà. Èèpo ẹ̀wà, eérú, ìwé ìròyìn tó ti mu epo, ọ̀rá òróró, èèpo àlùbọ́sà: tiwọn nìkan á kún ìdajì dúrọ́ọ̀mù láàárín ọjọ́ méjì. ₦1,000 ni wọ́n ń san. Ẹ má ṣì mí gbọ́, wọn kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Bíìlì ní yàrá kan, owó yàrá kan ni wọ́n san. Yàrá tó tẹ̀ lé tiwọn, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ló wà níbẹ̀, tí wọn kì í dáná rárá. Oúnjẹ tí wọ́n ń rà nínú ike lálaalẹ́, ike rẹ̀ ń ga gegere lórí dúrọ́ọ̀mù. ₦1,000 náà ni. Nọ́ọ̀sì kan ń dá gbé yàrá tó kángun sí ẹ̀yìn, ilé ìwòsàn ló ń wà ní ọ̀pọ̀ alẹ́, ó sì ń san iye kan náà.

Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń kà. Ẹni tó bá ní ilẹ̀kùn púpọ̀ á san púpọ̀, yálà èèyàn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà tàbí kò sí. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀kùn kì í sá, ó rọrùn láti kà, ẹni tó bá fẹ́ kọ bíìlì lè dúró lójú títì kó sì mọ iye tó máa kọ. Ta ló fẹ́ máa wọn pàǹtí? Pàǹtí tiwa níbí, oúnjẹ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, omi ọbẹ̀ tó ti kan, ó sì ń wúwo sí i bí òjò bá ti lè rọ̀ sí i.

Wọ́n ń wọ̀n ọ́n níbòmíràn o, tàbí kí n sọ pé wọ́n ń kà á. Ní Kòríà Gúúsù, láti oṣù kìíní ọdún 1995, báàgì àkànṣe ni ará ilé ń rà tí yóò fi kó pàǹtí rẹ̀. Owó ìkólẹ̀ ti wà nínú owó báàgì náà. Bí báàgì rẹ bá ṣe tóbi tó ni owó rẹ ṣe máa pọ̀ tó. Ike, ìgò àti bébà tí wọ́n bá ṣà sọ́tọ̀, wọn kì í gba owó báàgì lórí wọn, nítorí náà àwọn èèyàn ń ṣà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, bàbá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Báàgì kékeré kan á tó wọn lò fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n mo rò ó títí, mo rí i pé kò ní ṣiṣẹ́ nílé wa, kì í ṣe báyìí. Ẹni tó bá mọ̀ pé báàgì kọ̀ọ̀kan ló ní owó lórí, tí owó sì wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, á dúró de alẹ́. Á gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ kánààlì, tàbí kó dúró de òjò kó dà á sí gọ́tà. Àwa tí ilé wa rẹlẹ̀ mọ ibi tí pàǹtí gọ́tà ń padà sí. Omi ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi rí, ó ba aṣọ oníbàárà jẹ́, ohun tí mo sì rí nínú omi náà ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti ike oúnjẹ. Owó tí gbogbo ilé jọ ń san, bó ti wù kó rí, ó kéré tán kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí èrè kankan nínú dídà á sí gọ́tà. Ó ti sanwó ná, kí ló tún fẹ́ gbé e sá fún?

Àwa náà kúkú ní ẹni tó ń gba owó lórí báàgì: àwọn ọlọ́mọlanke àti oníbáárò. Ìjọba Èkó ti fòfin dè wọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, àmọ́ wọn kò kúrò. Mi ò ní bú wọn. Iṣẹ́ agbára ni wọ́n ń ṣe nínú oòrùn, wọ́n ń wá nígbà tí mọ́tò PSP kò wá, ₦500 lórí àpò kan sì ni ẹni tó ń wọ àdúgbò wa ń gbà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kì í béèrè ibi tí wọ́n ń dà á sí. Mo ti rí i lẹ́yìn ọjà, mo ti rí i lórí ilẹ̀ tí ẹnìkan kò tíì kọ́. Ìyẹn ni pé ẹni tó sanwó méjì, ti PSP àti ti ọlọ́mọlanke, pàǹtí rẹ̀ ṣì wà nínú Kétu.

Màmá mi máa ń sọ̀rọ̀ àwọn wolé-wolé, tí wọ́n máa ń wọ inú ilé lọ wo ìkòkò omi, wo ẹ̀yìnkùlé, wo gọ́tà, tí wọ́n á sì fi èèyàn sun kóòtù bí wọ́n bá rí ìdin ẹ̀fọn. Kò sí bíìlì nígbà náà. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni owó tí ò ń san: gbálẹ̀, kó o dà sí ààtàn. Èkó wá pọ̀ ju ààtàn lọ. Ní 1977 ni ìpínlẹ̀ Èkó dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa kó ilẹ̀ sílẹ̀, ó sì yí orúkọ padà títí ó fi di LAWMA ní 1991. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pe àwọn aládàáni wọlé, tí a fi ń pè wọ́n ní PSP. LAWMA ló ń pín àdúgbò fún wọn, tó sì ń mójú tó wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn nìyí: ẹni tí wọ́n bá fún ní àdúgbò rẹ, òun náà nìyẹn. Tí ẹni tó ń ta tòmátì fún mi bá já mi kulẹ̀, màá lọ sí ìsọ̀ kejì. Kò sí ìsọ̀ kejì fún PSP.

Ẹ ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2017, nígbà ìjọba Akínwùmí Ambode. Wọ́n gba pàǹtí inú ilé lọ́wọ́ àwọn PSP, wọ́n ní kí wọ́n máa kó ti àwọn iléeṣẹ́ àti ilé ìtajà, wọ́n gbé ti inú ilé fún iléeṣẹ́ tuntun. Òfin àyíká tí wọ́n ṣe lọ́dún náà mú owó kan wá tí wọ́n pè ní Public Utility Levy, tí yóò rọ́pò bíìlì tí a mọ̀. Lójú ìwé, ó dùn. Lójú títì, òkìtì pàǹtí gba àárín ọ̀nà. Ní oṣù kẹta 2018 ni iná tún ràn ní ààtàn Olúsosùn, èyí tó ti wà ní Ọjọ́ta láti 1992. Èéfín náà wọ ilé wa fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. A fi aṣọ tutù dí ojú fèrèsé, àwọn ọmọdé ń wúkọ́, oníbàárà kò wá gba aṣọ. Nígbà tó yá, wọ́n dá àwọn PSP padà. Mo sọ ìtàn yìí nítorí àwọn kan ń sọ pé kí a kúkú lé gbogbo PSP lọ. A ti rí bí ó ṣe ń rí bí wọn kò bá sí.

Ohun tó ká mi lára jù kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn gan-an. Ìyẹn ṣì ṣeé bá ara wa sọ. Owó oṣù tí mọ́tò kò wá ni.

Nígbà òjò tó kọjá, mọ́tò tó ń kó àdúgbò wa pòórá. Dúrọ́ọ̀mù kún, a kó sínú àpò sìmẹ́ǹtì, àpò náà kún, ìdin bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gba abẹ́ géètì wá sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tó gbé aṣọ ìyàwó wá rán dúró lójú títì, kò lè wọlé. Gbogbo ilé dá owó ọlọ́mọlanke. Nígbà tí oṣù parí, bíìlì dé, ₦25,500 pé géérégé, kò dín kọ́bọ̀. Wọ́n tún kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé ẹni tí kò bá san, wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù.

Ọjọ́ yẹn ni mo ra ìwé àjákọ kan, mo fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìn géètì pẹ̀lú bírò. Ọjọ́ tí mọ́tò bá wá, mo kọ déètì, mo kọ nọ́ńbà mọ́tò, mo sì ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tó ń gbé dúrọ́ọ̀mù buwọ́ lù ú. Àwọn ọmọ náà kò janpata. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní, “Àǹtí, ẹ máa kọ ọ́ o, torí wọ́n máa ń sọ fún ọ̀gá pé àwa la kò wá.” Ọ̀sẹ̀ tí kò bá sí ẹni tó wá, mo fa ìlà gbọọrọ síbẹ̀.

Mo gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì fi sùúrù gbọ́ mi, mi ò lè sọ pé ó ṣàfojúdi. Ó ní, “Mọmì, oṣù la ń gba owó ẹ̀, a kì í gba owó ìrìn.” Ó ṣàlàyé pé dísẹ́lì ti wọ́n, pé bí òjò bá rọ̀ mọ́tò ń rì sínú ẹrẹ̀ lórí ààtàn, pé mọ́tò kan lè tò sí Olúsosùn láti àárọ̀ di alẹ́ kó tó rí ibi da ẹrù rẹ̀. Òótọ́ ni. Ojú ọ̀nà wa ni wọ́n ń gbà, mo máa ń rí ìlà mọ́tò náà. Ìjọba fúnra rẹ̀ ń sọ pé pàǹtí Èkó jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 13,000 lójúmọ́, ẹ sì lè fojú inú wo iye mọ́tò tó máa gbé ìyẹn. Mo ní kó bá mi sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé mi ò sọ pé wọn kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Mo ní aṣọ ni mò ń rán. Bí iná bá lọ, tí epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, tí mi ò rí aṣọ rán, mi ò lè ní kí oníbàárà san owó aṣọ tí mi ò rán.

Ohun tí mo rò pé ó tọ́ ni kí wọ́n pín owó náà sí méjì. Apá kan fún wíwà tí wọ́n wà: mọ́tò, àwọn òṣìṣẹ́, owó tí wọ́n ń san lórí ààtàn. Ìyẹn, gbogbo ilé á san án lóṣooṣù, yálà òjò rọ̀ tàbí kò rọ̀, kí iṣẹ́ náà má bàa kú. Apá kejì fún wíwá tí wọ́n wá, kí wọ́n ka ọjọ́ tí mọ́tò wá, kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sórí bíìlì kí gbogbo ayé rí i. Bí mọ́tò bá yẹ kó wá lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóṣù tó wá lẹ́ẹ̀mejì, kí a san ìdajì apá kejì náà. Ọ̀gá PSP tó bá mọ̀ pé owó ń lọ bí mọ́tò òun kò bá jáde, á tún mọ́tò ṣe kíákíá. Kò sì ní sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti da pàǹtí sí gọ́tà, torí owó kò sí lórí báàgì.

Ọ̀gá náà kò gbà á báyẹn. Ó yọ owó díẹ̀ nínú ti oṣù òjò yẹn, ó ní kí n má sọ ọ́ fún ilé kejì tó múlé tì wá. Mo sọ ọ́ fún ilé kejì.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ńkọ́? Ìyẹn, a yanjú rẹ̀ láàárín ara wa. PSP kò bìkítà nípa ẹni tó san èwo, bí ₦25,500 bá ṣáà ti pé. Mo pe ìpàdé sí pásééjì lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, Alhaji náà wá. Mo dábàá pé kí a dín ti bàbá kù sí ₦2,500, kí ìyá alákàrà san ₦2,000, kí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin oníke san ₦1,500. Ìyá alákàrà kọ́kọ́ bínú. “Ṣé torí pé mò ń ṣiṣẹ́ ni mo ṣe máa san ju ẹni tí kò ṣiṣẹ́ lọ?” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Opó ni wọ́n, àkàrà yẹn ni wọ́n fi ń rán ọmọ níléèwé. Bàbá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló dìde, tí wọ́n ní àwọn lè máa san ₦4,000 lọ kí àlàáfíà wà. Ìyá alákàrà bá ní rárá, bàbá, ẹ jókòó. Wọ́n ní àwọn á san ₦2,000 náà, bí àwọn bá ti lè rí i pé mọ́tò ń wá.

Nǹkan tí mi ò retí ló tẹ̀ lé e. Láàárín oṣù kan, ìyá alákàrà ti wá ẹni tó ń sin ewúrẹ́ ní Alápẹ̀rẹ̀ tó ń wá kó èèpo ẹ̀wà lọ́fẹ̀ẹ́. Dúrọ́ọ̀mù wa fúyẹ́ kíákíá. Wọ́n wá bá mi pé ṣé owó àwọn kò ní dín kù báyìí. Mo ní ó máa dín kù, a sì ti dín in sí ₦1,500. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló ń san ₦500 tó ṣẹ́kù kún tiwọn, torí ike wọn kò dín.

Mo sọ gbogbo èyí fún àbúrò mi tó ń gbé Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹnu yà á. Ó ní òun kò rí bíìlì tó ń jẹ́ ti pàǹtí inú ilé rí. Inú council tax tí òun ń san ni ó wà, pẹ̀lú ti iná ojú títì àti ilé ìkàwé, iye rẹ̀ sì dá lórí ìpele ilé, láti A dé H, gẹ́gẹ́ bí iye tí ilé náà ì bá tà ní 1991. Ilẹ̀kùn náà làwọn ọ̀hún ń kà, bí ẹ bá wò ó dáadáa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé bí wọn kò bá gbé pàǹtí rẹ̀, kánsù ló máa dá lẹ́bi, kánsù náà ló sì ń dìbò fún. Ó ní kí ni kò jẹ́ kí Èkó ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pa á pọ̀ mọ́ Land Use Charge, owó orí ilé àti ilẹ̀. Mo ní onílé ló ń san Land Use Charge, onílé á sì gbé e lé owó ilé wa, a kò ní mọ iye tó jẹ́ ti pàǹtí mọ́, ìwé àjákọ mi kò sì ní wúlò fún nǹkan kan. Mo fẹ́ kí bíìlì náà dá dúró, kí n lè rí i, kí n lè bá wọn jà lé e lórí.

Ilé mẹ́ta mìíràn ní òpópónà wa ti ń kọ ìwé báyìí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí mo bá rán aṣọ Ìkómọ kan parí, a máa jọ kó àwọn ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì PSP lẹ́ẹ̀kan, bí wọn kò bá sì gbọ́, a ó gbé ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí LAWMA. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Kétu, Alápẹ̀rẹ̀ tàbí Mile 12, tí ẹ ti ṣe irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún mi bí PSP tiyín ṣe dá yín lóhùn, kí a lè mọ ohun tí a ó mú dání.